Ẹ Kọ́kọ́ Bi Ẹni Tó Máa Jókòó Sẹ́yìn

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn alùpùpù ni mo wá bá sọ̀rọ̀ lónìí. Kì í ṣe ti iṣẹ́ ọ̀kadà o. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi alùpùpù rìnrìn àjò gbafẹ́ ni mo ń bá wí, tí ìyàwó yín, ọkọ yín, àbúrò yín tàbí ọ̀rẹ́ yín yóò sì jókòó sẹ́yìn. Bóyá láti Ìbàdàn lọ wo omi tó ń dà láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tàbí láti Àkúrẹ́ lọ gun òkè Ìdànrè, tàbí láti Èkó gba Sẹ̀mẹ̀ dé Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí ẹ sì forí lé àríwá títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Ṣábẹ.

Irú alùpùpù wo ni kí ẹ rà? Kí ni kí ẹ fi kún un? Tí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwa ọkùnrin, bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi sí la ó kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà bó ṣe ń sáré, lẹ́yìn náà bó ṣe ń dún. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni pé ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà níwájú rí nǹkan dì mú, ó ń wo ọ̀nà, ó sì mọ ìgbà tó fẹ́ tẹ bíréèkì. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò mọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Kòtò dé bá a ni, afẹ́fẹ́ dé bá a ni, bíréèkì òjijì náà dé bá a ni. Alùpùpù tó bá tẹ́ ẹni ẹ̀yìn lọ́rùn yóò tẹ́ ẹni iwájú lọ́rùn. Èyí tó bá tẹ́ ẹni iwájú nìkan lọ́rùn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó jọ rìnrìn àjò lórí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1934, àwọn obìnrin méjì kan, Theresa Wallach àti Florence Blenkiron, gbéra ní London lórí alùpùpù Panther oní-600cc. Wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n gba Kánò ní ilẹ̀ wa níbí, wọ́n sì dé Cape Town ní oṣù Keje ọdún 1935. Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe to nǹkan wọn. Wọ́n so ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mọ́ alùpùpù náà, kí ẹnì kejì lè jókòó sínú rẹ̀, wọ́n sì tún so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ọn lẹ́yìn. Wọn ò di ara wọn àti ẹrù tó ju ti oṣù méje lọ lé táyà méjì kí wọ́n máa wá wí pé Ọlọ́run á ṣe é. Kí wọ́n tó kúrò nílé ni wọ́n ti ro ibi tí ẹnì kejì máa wà, àti ibi tí ẹrù máa wà.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù ò tètè rò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Honda kọ́kọ́ gbé Gold Wing jáde níbi àfihàn kan ní Cologne, ní Jámánì, ní ọdún 1974, ẹ́ńjìnnì 999cc tí omi ń tù ló ní. Ṣùgbọ́n kò ní àpótí kankan, kò sì ní ohun tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Àwọn tó rà á, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ló ń fowó ara wọn so àpótí àti gíláàsì mọ́ ọn. Honda rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tó fi máa di ọdún 1980, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ń ta irú rẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Interstate, tó ní gíláàsì ńlá níwájú, àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ọ̀kan lẹ́yìn. Lọ́dún 1988, ó di onísílíńdà mẹ́fà. Ó ti wúwo débi pé wọ́n ní láti fi ohun tó lè mú un padà sẹ́yìn sí i, torí pé fífi ẹsẹ̀ tì í ti di ìyà. Gold Wing Tour òde òní sún mọ́ 380 kílò, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ìfẹ̀yìntì bí àga pálọ̀.

Mi ò ní kí ẹ lọ ra Gold Wing o. Alùpùpù tó tó 380 kílò, tó bá ṣubú sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò, ta ni yóò bá yín gbé e? Ìdí tí mo fi sọ ìtàn rẹ̀ ni pé àwọn tó ń gùn ún ló kọ́ ilé iṣẹ́ náà lẹ́kọ̀ọ́: ẹ́ńjìnnì nìkan kì í gbé èèyàn méjì dé ọ̀nà jíjìn.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọjà. Ìbéèrè wo ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà? Ẹ bi í nípa ìwọ̀n. Gbogbo alùpùpù ló ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá, bí a bá ka òun fúnra rẹ̀, epo inú rẹ̀, àwọn tó gùn ún àti ẹrù wọn pọ̀. Ó wà nínú ìwé tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ó sì sábà máa ń wà lára irin rẹ̀ náà. Ẹ yọ ìwọ̀n alùpùpù kúrò nínú rẹ̀, ohun tó bá kù ni tiyín.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan pọ̀. BMW R 1250 GS wà lára àwọn tí arìnrìn àjò fẹ́ràn jù. Tòun ti epo, 249 kílò ni. Ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá jẹ́ 465 kílò. Ó ku 216. Ká ní ọkọ tó 90 kílò, ìyàwó sì tó 70. 160 ti lọ nìyẹn, ó ku 56. Akoto, jákẹ́ẹ̀tì, bàtà àti ìbọ̀wọ́ àwọn méjèèjì lè tó 16 kílò. Ó ku 40. Àpótí mẹ́ta àti irin tí wọ́n fi so wọ́n mọ́ alùpùpù lè tó 20 kílò lófìfo. Ó wá ku 20 kílò péré fún aṣọ èèyàn méjì, omi mímu, irinṣẹ́, àti iṣu tí ẹ máa rí lójú ọ̀nà tí ẹ máa ní ẹ ò lè má rà. Alùpùpù ńlá la sì ń wí yìí o! Ẹ má sì jẹ́ kí títóbi tan yín jẹ. Gold Wing fi ohun tó lé ní 100 kílò wúwo ju BMW yìí lọ, síbẹ̀ ẹrù tí Honda ní kí ó gbé kò tó ti BMW náà.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹrù bá pọ̀ jù? Ẹni ẹ̀yìn àti àpótí ẹ̀yìn, orí táyà ẹ̀yìn ni wọ́n jọ wà. Ẹ̀yìn á lọ sílẹ̀, iwájú á fúyẹ́. Ọwọ́ tí ẹ fi ń tọ́ ọ kò ní gbọ́ràn mọ́ bó ṣe yẹ. Iná iwájú á gbójú sókè, á máa fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú. Táyà á gbóná, bíréèkì á sì máa gba ọ̀nà jíjìn kó tó dúró. Kò sí èyí tí ẹ máa mọ̀ nínú wọn lágbègbè ilé. Ọjọ́ tí nǹkan bá sáré wọ ojú títì níwájú yín lẹ máa mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló kàn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ mi báyìí tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀kadà Boxer ń gbé èèyàn mẹ́ta àti àpò gàrí láti oko dé ọjà." Òótọ́ ni, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n láti oko dé ọjà ni, eré rẹ̀ kò sì pọ̀. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀, tírélà tó wà lẹ́yìn yín ò ní dúró de alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 150cc, tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fa èèyàn méjì gun òkè. Kódà, nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìrìnnà lọ́dún 2012, kò fàyè gba alùpùpù tí kò tó 200cc lójú àwọn ọ̀nà márosẹ̀ ńlá. Tó bá jẹ́ alùpùpù kékeré lẹ ní, ẹ lè fi jẹ̀gbádùn. Ẹ gba àwọn ọ̀nà ìlú sí ìlú, ẹ má sáré, ẹ má di ẹrù, ẹ tètè gbéra kí ẹ lè tètè dé. Àǹfààní tirẹ̀ ni pé kò sí abúlé tí ẹ ò ti ní rí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà déédéé pẹ̀lú ẹnì kejì, bí 500cc sí 650cc máa ń tó fún èèyàn méjì tí wọn ò sanra jù, tí wọn ò sì di gbogbo ilé lé e lórí. Irú bí Honda CB500X, Suzuki V-Strom 650 àti Kawasaki Versys 650. Wọ́n ga díẹ̀ nílẹ̀, wọ́n lè fara da ọ̀nà tó ti bàjẹ́, wọn ò sì wúwo débi pé èèyàn méjì ò ní lè gbé wọn dìde tí wọ́n bá ṣubú. Táǹkì V-Strom 650 ń gba lítà 20. Tó bá ń jẹ bí lítà 5 fún 100 kìlómítà, ẹ lè rìn tó 400 kìlómítà kí ẹ tó wá epo. Àmọ́ ẹ má dúró dìgbà tí táǹkì bá gbẹ, torí ilé epo tí ẹ fọkàn tẹ̀ lè má tà lọ́jọ́ náà.

Agbára tí ẹ ń wá kì í ṣe ti eré sísá. Agbára láti ya tírélà kọjá kíá, kí ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ yín láìfòyà, ni. Ẹ́ńjìnnì tó ń fà dáadáa láti ìsàlẹ̀, tí kò ní kí ẹ máa pààrọ̀ jíà ní gbogbo ìgbà, ló dára jù fún ẹni ẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ jíà láìrọra ni akoto rẹ̀ máa ń kan tiyín, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi mẹkáníìkì yín, ẹ má bi ẹni tó ń tà. Ẹ bi í pé, "Ọ̀gá, ẹ mọ èyí? Ṣé ẹ máa rí bíréèkì rẹ̀, ṣéènì rẹ̀ àti fílítà rẹ̀ rà ní Nàìjíríà?" Bó bá kọ́kọ́ họ orí kó tó dá yín lóhùn, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ẹ jẹ́ ká wá gun ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ wo alùpùpù, ẹ mú ẹni tí ẹ jọ máa lọ dání. Kó jókòó sí i, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan o. Kó wọ bàtà àti ṣòkòtò tó máa wọ̀ lójú ọ̀nà, kó jókòó títí ara rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ máa wò.

Èkíní, ìjókòó náà. Ṣé ó fẹ̀? Ṣé ó tẹ́jú? Ìjókòó tó dà síwájú máa ń jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn yọ̀ wá sẹ́yìn yín nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Àwọn alùpùpù tí wọ́n ṣe fún eré ìje máa ń ní tìmùtìmù kékeré kan lẹ́yìn tó ga bí òkè. Wọn ò ṣe ìyẹn fún èèyàn tó fẹ́ dé Ìdànrè.

Èkejì, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Tó bá ga jù, orúnkún á ká, láàárín ogójì ìṣẹ́jú ẹsẹ̀ á kú. Bí àyè ṣe pọ̀ tó láàárín ìjókòó àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ni ara ṣe ń tù ú tó.

Ẹ̀kẹta, ohun ìdìmú. Kó ní irin lọ́tùn-ún lósì tó lè dì mú. Tí àpótí ẹ̀yìn bá wà, tí wọ́n fi tìmùtìmù sí ojú rẹ̀, ó dára púpọ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ á rí ibi fara tì nígbà tí ẹ bá fún un níná. Ṣùgbọ́n kí àpótí náà má tì í síwájú o.

Ẹ̀kẹrin, sàlẹ́ńsà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi ló ní àpá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, níbi tí sàlẹ́ńsà ọ̀kadà ti jó yín nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo bó ṣe sún mọ́ ẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn sí, ẹ wò ó bóyá irin ìbòrí wà lórí rẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà bá yín ṣe é. Ẹ wo àyíká táyà ẹ̀yìn àti ṣéènì pẹ̀lú, kí aṣọ tàbí okùn báàgì má bàa ráyè wọ ibẹ̀. Ìró tó bá wọ inú sípóòkù kì í fi ẹni tó ró o sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Bí ohun gbogbo bá dára tó sì jẹ́ ìjókòó nìkan ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ má tìtorí ẹ̀ fi alùpùpù rere sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìjókòó mọ́tò lè tú u palẹ̀, kí wọ́n fi fóòmù tó le díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì mú kó tẹ́jú. Ẹ kíyè sí i pé mo ní fóòmù tó le. Èyí tó rọ̀ bí òwú máa ń dùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà irin ni ẹ máa jókòó lé.

Ó yá, ẹ ti rà á. Kí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe sí i? Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ lọ ra iná aláràbarà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Bí ó ṣe wá láti ilé iṣẹ́, ẹnì kan ni wọ́n fi ọkàn rò tí wọ́n fi tò ó. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí wọ́n ti ń fún sípíríǹgì rẹ̀ le. Lára àwọn kan, ọwọ́ lásán lẹ máa fi yí i. Lára àwọn mìíràn, sípánà tó bá a wá ni. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan di alùpùpù mú lójú gbalasa, kí ẹ̀yin méjèèjì gùn ún pẹ̀lú gbogbo ẹrù. Kó lọ sílẹ̀ ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta ibi tó lè lọ sílẹ̀ dé, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ fún un le sí i. Tí ẹ bá ti fún un dópin tó ṣì ń wọlẹ̀, sípíríǹgì tó le jù ú lọ lẹ nílò, tàbí kí ẹ dín ẹrù kù. Ibí yìí náà sì ni kí ẹ ti yẹ iná iwájú wò, kó máa wo ilẹ̀, kó má máa wo ojú ọ̀run.

Táyà ló tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ń lò nígbà tí ẹ bá dá wà kò tó fún ẹni méjì. Ìwé alùpùpù yín máa sọ iye tó yẹ. Fún àpẹẹrẹ, PSI 36 ni Gold Wing GL1800 ń lò níwájú, PSI 41 lẹ́yìn. Tí fọkanáísà bá ní "Mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́," ẹ sọ fún un pé ẹ dúpẹ́, kó jọ̀ọ́ kó fi géèjì wò ó. Àárọ̀, nígbà tí táyà ṣì tutù, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ wo ọjọ́ orí táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè dúdú kó máa dán, kó sì ti gbó kọjá ohun tí èèyàn lè fi ẹ̀mí méjì lé.

Ṣéènì ń tètè gbó tí ẹni méjì bá ń gùn ún. Ìgbà tí ẹ bá jókòó sórí rẹ̀ ló máa ń le jù, nítorí náà ẹ má fà á le jù nígbà tí kò sí èèyàn lórí rẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì sí i lálẹ́ tí ẹ bá dé, nígbà tó ṣì gbóná. Alùpùpù tó ń lo ṣáàfùtù kò ní wàhálà yìí, àmọ́ ó máa ń wúwo, ó sì máa ń wọ́n. Tí owó yín bá ká èyí tó ní bíréèkì ABS, ẹ rà á. Lójú ọ̀nà tí iyanrìn àti epo dà sí, kì í jẹ́ kí táyà dá dúró gbagidi kó sì yọ̀ lọ. Ẹ rántí náà pé tí ẹnì kejì bá wà lẹ́yìn, bíréèkì ẹ̀yìn wúlò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé ẹrù wà lórí táyà yẹn. Ẹ lo méjèèjì pọ̀.

Ẹrù dídì ní òfin kan: ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà, kó sì sún mọ́ àárín alùpùpù. Irinṣẹ́ àti omi, inú àpótí ẹ̀gbẹ́, nísàlẹ̀. Aṣọ fúyẹ́fúyẹ́, inú àpótí ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ àpótí ẹ̀yìn ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ ọ́ sí lára pé kò gbọ́dọ̀ ju kílò 5 tàbí 10 lọ. Ibi tó wà ga, ó sì wà lẹ́yìn táyà. Ẹrù tó bá wúwo níbẹ̀ á máa mi orí alùpùpù. Kí àpótí ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba. Ohun tí ẹ bá fi rọ́bà so, ẹ fà á wò, ẹ tún fà á wò. Ẹ má gbàgbé ohun tí ẹ fi ń dí táyà tó bá jò, páǹpù kékeré, sípánà tó bá alùpùpù yín mu, iná ọwọ́, báńdéèjì àti oògùn ọgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ akoto wá kàn. Ní oṣù Kínní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fagbára mú òfin pé ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé akoto, àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ìkòkò àti ike ọ̀dà. Àwọn èrò kan sì kọ akoto ọlọ́kadà torí wọ́n ń bẹ̀rù pé oògùn wà nínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n títí di òní, ẹ ó rí alùpùpù olówó ńlá tí ẹni iwájú dé akoto gidi, tí ẹni ẹ̀yìn sì dé fìlà ike. Orí méjèèjì máa kan títì bákan náà. Akoto tó bo gbogbo orí àti àgbọ̀n ni kí ẹ rà fún un, tó ní àmì ECE 22.06 tàbí DOT. Kó fún un díẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá mi orí tí akoto ò bá a mì, ó bá a mu nìyẹn. Ẹ má yá ti ẹlòmíràn. Èyí tó bá sì ti kan ilẹ̀ nínú ìjàǹbá, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, torí fóòmù inú rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ló ń gba èèyàn là.

Jákẹ́ẹ̀tì tó ní ihò afẹ́fẹ́, tí ìdáàbòbò wà ní èjìká àti ìgúnpá, ló bá ooru wa mu. Ìbọ̀wọ́, ṣòkòtò tó nípọn, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Agbádá, ìró àti gèlè, inú àpótí ni ipò wọn. Tí ẹ bá dé òde, ẹ wọ̀ ọ́. Aṣọ òjò méjì, ẹ kó o sí ibi tí ọwọ́ á ti tètè tó o. Tí gíláàsì iwájú yín bá ń darí afẹ́fẹ́ sí orí ẹni ẹ̀yìn, torí òun ló máa ń ga jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ga tàbí tó fẹ̀ díẹ̀.

Ìwé ńkọ́? Ìwé ìwakọ̀ ìsọ̀rí A, ìwé ìforúkọsílẹ̀ alùpùpù, àti adójútòfò. Tí ẹ bá ń lọ sí Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò, ẹ gba káàdì adójútòfò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card kí ẹ tó dé ẹnubodè.

Lákòótán, ẹ̀yin méjèèjì ní ẹ̀kọ́ láti kọ́. Ọ̀pọ̀ yín rántí Kúnlé Adéyanjú, tó gun alùpùpù láti London wá sí Èkó lọ́dún 2022 nítorí ìgbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Òun nìkan ló dá rìn. Ẹni tó dá rìn, ara rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní àdéhùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ lọ sí pápá kan, ẹ fi ìdajì ọjọ́ kọ́ ọ: bí ẹ ó ṣe gbéra, bí ẹ ó ṣe yí po jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹ ó ṣe tẹ bíréèkì.

Ẹni ẹ̀yìn ò gbọ́dọ̀ gùn ún, kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni iwájú ti fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, tó sì ní "Ó yá." Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kó gbà gùn ún, kó fi ọwọ́ lé èjìká ẹni iwájú. Ní kọ́nà, kó gba èjìká ẹni iwájú wo ibi tí ẹ ń yà sí. Ara rẹ̀ á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Kó má ṣe tì sí òdìkejì. Kó má ṣe ṣí kiri nígbà tí ẹ bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ ní àmì: kó gbá yín léjìká lẹ́ẹ̀kan, ẹ dín eré kù, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dúró. Ẹ máa dúró sinmi lẹ́yìn wákàtí kan tàbí wákàtí kan àbọ̀, yálà ó rẹ̀ yín tàbí kò rẹ̀ yín. Ẹ má rin òru. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì tó ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, ẹ jẹ́ kó dúró nílé.

Mo mọ̀ pé owó ò pọ̀. Tí ẹ ò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí mo ṣe máa tò ó rèé: akoto méjì tó dára, lẹ́yìn náà táyà àti bíréèkì, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kù, lẹ́yìn náà ìjókòó ẹ̀yìn àti ohun ìdìmú, lẹ́yìn náà àpótí. Ọ̀dà àti iná aláràbarà, kí wọ́n dúró de owó oṣù mìíràn. Kí ẹ tó sanwó alùpùpù náà fúnra rẹ̀, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì gùn ún yíká fún wákàtí kan. Tí ẹ bá padà dé, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Tó bá ní rárá, ẹ má rà á, bó ti wù kó dún tó.